Olùkọ́ Tó Pẹ́ Nídìí Báàńdì: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Adó-Àwáyè

 

Ní ọdún 1950 ni E.T. Mensah, ará Gánà, kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ tó ń jẹ́ Tempos wá sí Nàìjíríà. Kí wọ́n tó dé, jáàsì àti orin ijó òyìnbó ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá ìlú Èkó ń ṣe jù. Wọ́n wá, wọ́n lọ, wọ́n tún padà wá, bẹ́ẹ̀ ni háíláìfù ṣe gbilẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Bobby Benson yà sí i. Victor Ọláìyá, afun-trumpet, yà sí i pẹ̀lú, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ayé rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ Ọláìyá, Cool Cats, ni Fẹlá Kútì ti jókòó kọ́ṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Tony Allen ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di onílù tí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ọláìyá àti Mensah, tí àwọn méjèèjì ti dàgbà, jọ ṣe àwo orin kan pọ̀ tí wọ́n pè ní Highlife Giants of Africa.

Ẹnìkan ló kọ́ Mensah ní fèrè. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni onítọ̀hún.

Joe Lamptey ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Teacher Lamptey ni Accra mọ̀ ọ́n sí. Ilé-ìwé ìjọba tó wà ní James Town, àdúgbò àtijọ́ kan létí òkun Accra níbi tí àwọn apẹja ń gbé, ló ti ń kọ́ni. Láyé ìgbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa yan bí ológun ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdọọdún, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Empire Day. Ẹsẹ̀ ọmọdé kì í dọ́gba láìsí ìlù. Ìdí nìyí tí ilé-ìwé púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí dé ilẹ̀ Yorùbá, fi ní ìlù ńlá kan, ìlù kéékèèké díẹ̀, àti fèrè mélòó kan. Olùkọ́ mìíràn ì bá ṣe ohun tí ìjọba béèrè, kó kọ́ wọn ní orin méjì fún ọjọ́ náà, kó sì ti ilẹ̀kùn yàrá ìlù pa di àmọ́dún. Lamptey kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Mensah, tí wọ́n bí ní 1919, wà lára àwọn ọmọ tó kó jọ. Fèrè lásán ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sórí piccolo, èyí tó kéré jù nínú àwọn fèrè báàńdì. Nígbà tí Lamptey dá ẹgbẹ́ olórin ijó sílẹ̀ láàrin ìlú, Accra Orchestra, ó mú àwọn ọmọ tó ti kọ́ nílé-ìwé wọ inú rẹ̀. Mensah àti Yebuah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú wọn. Yebuah kúrò níbẹ̀ lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ bá a lọ, ó kọ́ saxophone, ó kọ́ trumpet, títí ó fi di olórí Tempos. Iṣẹ́ apòògùn ni Mensah kà nílé-ẹ̀kọ́, òun náà ló sì ń ṣe kí orin tó gbà á pátápátá. Bí kò bá sí báàńdì ní James Town, apòògùn rere kan ni ì bá jẹ́, Èkó ì bá má sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ilé-ìwé tó bá rí olùkọ́ kan tó mọ orin, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó pẹ́ níbẹ̀, yóò ní báàńdì bí kò tilẹ̀ ní owó. Èyí tó ní owó tí kò ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ìlù tí eku ti jẹ awọ rẹ̀ ni yóò ní nínú yàrá ìkẹ́rùsí.

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tó kún jù wà. Walter Dyett ni orúkọ ọkùnrin náà, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1901 ní ìlú St. Joseph, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Iṣẹ́ dókítà ló wù ú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tó lè gbé e dé ibẹ̀ ní Califóníà, ó sì rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà láti wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Illinois. Ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ ń wojú rẹ̀ fún jíjẹ àti mímu, ọ̀rọ̀ ìwé dókítà sì parí síbẹ̀. Violin tó ti mọ̀ ọ́n ta láti kékeré ló gbé jáde. Sinimá kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Àwọn olórin ló ń jókòó sábẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀, wọ́n á máa lu orin bí ìtàn bá ṣe ń lọ. Dyett jókòó láàrin wọn nílé sinimá Vendome, nínú ẹgbẹ́ Erskine Tate. Lẹ́yìn náà ló darí báàńdì ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan ní Illinois. Ibẹ̀ ni oyè Captain ti lẹ̀ mọ́ ọn, Captain Dyett sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é títí ó fi kú.

Ní 1931 ni wọ́n gbà á sí ilé-ìwé girama Wendell Phillips ní Chicago. Kò bá ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀. Major N. Clark Smith ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ti fìgbà kan darí báàńdì ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee lábẹ́ Booker T. Washington. Ó yẹ kí a kíyè sí èyí: ẹni tó gba iṣẹ́ bá nǹkan nílẹ̀, nítorí pé ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kò fi ibẹ̀ ṣe ibi àtisùn kan kó tó kọjá lọ.

Àkókò líle ni. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń kó wá láti gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ti ń ni wọ́n lára, wọ́n ń wọ Chicago lójoojúmọ́. Ilé kò gbà wọ́n. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kún àkúnya. Ní 1935 ni wọ́n ṣí ilé-ìwé ńlá mìíràn láti dín èrò kù, èyí tí wọ́n padà sọ ní DuSable, ní ìrántí Jean Baptiste Point du Sable, aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbi tó di ìlú Chicago. Dyett kó lọ síbẹ̀. Kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 tó fẹ̀yìn tì. Bí ọgbọ̀n ọdún ni gbogbo rẹ̀, ilé-ìwé kan sí èkejì, láàrin àdúgbò kan náà.

Ẹ gbọ́ orúkọ díẹ̀ nínú àwọn tó kọ́. Nat King Cole, tí òbí rẹ̀ gbé e wá láti Alabama nígbà tó ṣì kéré. Dinah Washington, tí òun náà jẹ́ ọmọ Alabama, tó ń jẹ́ Ruth Jones nígbà náà. Gene Ammons, Von Freeman, Johnny Griffin, Clifford Jordan, Eddie Harris, John Gilmore: gbogbo wọn fun saxophone dé ibi tí ẹni tó fẹ́ràn jáàsì níbikíbi láyé fi mọ̀ wọ́n. Richard Davis bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ double bass lọ́dọ̀ Dyett ní 1945, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó fi bá Igor Stravinsky àti Leonard Bernstein, olùdarí orin ńlá méjì, ṣiṣẹ́, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Wisconsin. Ilé-ìwé ìjọba méjì péré, ní àdúgbò tálákà kan náà, ló bí gbogbo àwọn wọ̀nyí. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ orin. Ìṣirò àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ bíi ti ilé-ìwé girama gbogbo.

Báwo ló ṣe ṣe é? Àkọ́kọ́ ni pé kì í fún ọmọ ní ohun tí ọmọ béèrè lójú ẹsẹ̀. Johnny Griffin fẹ́ fun saxophone láti ọjọ́ tó ti wọlé. Clarinet ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ó tún kọjá lórí oboe kó tó kan saxophone tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ ìdí rẹ̀. Clarinet le ju saxophone lọ lọ́wọ́ àti lẹ́nu. Ihò rẹ̀ ni ìka gbọ́dọ̀ dí pátápátá, bí afẹ́fẹ́ bá yọ díẹ̀, ohùn á dún bí igbe ẹyẹ. Ọmọ tó bá borí clarinet, saxophone kò ní dẹ́rùbà á. Griffin dàgbà tán, wọ́n ń pè é ní ọ̀kan nínú àwọn tí ìka wọn yá jù lórí saxophone.

Èkejì ni etí. Àwọn tó bá a ṣe é sọ pé bí àádọ́ta ọmọ bá ń lu orin lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan ṣì í, Dyett yóò dá gbogbo wọn dúró, yóò sì wo ojú ẹni tó ṣì í gan-an. Ó le. Kò gba pípẹ́-lẹ́yìn, kò gba kí ọmọ wá láìtíì múra sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tó bá wí jù nínú wọn ni wọ́n fi ìfẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù nígbà tí wọ́n dàgbà, torí wọ́n mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí nídìí iṣẹ́ ni ó ń wá lára wọn. Ó mọ̀ pé ayé tí wọ́n ń lọ kò ní fojú àánú wo ọmọ aláwọ̀ dúdú tó bá ṣì.

Ẹ̀kẹta, owó. Ìjọba kì í fún báàńdì ní owó tó tó. Dyett dá eré ọdọọdún kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hi-Jinks: orin, ijó, àwàdà, gbogbo rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn ará àdúgbò á sì sanwó wọlé. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ohun èlò orin àti aṣọ báàńdì. Àṣà yìí wúlò lọ́nà méjì. Owó wọlé, ọmọ sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò tó sanwó, kí ẹsẹ̀ má gbọ̀n. Dinah Washington tó di ìlúmọ̀ọ́ká kò ṣàdédé mọ ojú èrò.

Dyett kú ní 1969. Nígbà tó di 1972, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé kan ní Chicago. Ní 2015 ni ìjọba ìlú náà ti ilé-ìwé ọ̀hún pa. Àwọn òbí àti ará àdúgbò fọwọ́ kọ oúnjẹ, ààwẹ̀ ọjọ́ 34, kí wọ́n lè ṣí i padà. Ní 2016 wọ́n ṣí i, ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà ni ó sì dà. Ọdún 46 lẹ́yìn ikú olùkọ́ báàńdì kan ni wọ́n gba ààwẹ̀ náà. Ìlú wo ló ń gbààwẹ̀ nítorí ilé-ìwé, bí kì í bá ṣe èyí tó mọ iye ohun tó ti jáde látibẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé Chicago jìnnà, pé wọ́n ní clarinet, wọ́n ní gbọ̀ngàn, wọ́n ní iná. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Gánà, kí a sọ ìtàn ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Ephraim Amu, ọmọ Ewe láti Peki, ni wọ́n bí ní 1899. Nígbà èwe rẹ̀, oúnjẹ oko ló ń gbé fún olùkọ́ tó kọ́ ọ ní dùùrù. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di olùkọ́ nílé-ìwé ní Peki, ó ra dùùrù kékeré kan. Ọkọ̀ gbé e dé ibi tí ọkọ̀ lè dé, ó sì fi orí ru ú láti ibẹ̀ dé ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ru ẹrù gun òkè rí lágbègbè wa yìí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní 1926 wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọ Presbyterian ní Akropong. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí àwọn ọmọ Áfíríkà fi gbọ́dọ̀ máa fi ohùn òyìnbó kọrin nìkan. Ó lọ bá àwọn àgbà tó mọ ìlù àti orin ìbílẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó sì kó o padà wá fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní 1929 ló kọ Yɛn Ara Asaase Ni, orin tí gbogbo Gánà ń kọ títí di òní bí ẹni pé òun ni orin orílẹ̀-èdè wọn.

Àwọn alákòóso ìjọ kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí Amu wọ aṣọ ìbílẹ̀ gun orí àga ìwàásù, ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ní 1933 wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ní Akropong. Ìpàdánù ńlá ni èyí jẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì dunni láti kà á títí di òní. Ní 1934 ilé-ẹ̀kọ́ Achimota gbà á. Láti 1937 ó lọ sí Royal College of Music ní London, ó padà ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì tún mú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní Achimota, lẹ́yìn náà ní Kumasi, títí dé yunifásítì Legon. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 1995, ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 96.

Nínú gbogbo ohun tó ṣe, èyí tó kan ilé-ìwé tí kò lówó jù ni fèrè ọparun. Àwọn Akan ní fèrè kan tí wọ́n ń pè ní atenteben, tí wọ́n fi ń sunkún òkú. Amu mú un, ó tún ihò rẹ̀ lu kí ó lè kọ orin onírúurú, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ fúnra wọn. Ọ̀bẹ, irin gbígbóná, ọparun tó gbẹ dáadáa, ó parí. Ilé-ìwé tí kò lè ra trumpet kan lè ní ogún fèrè kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Atenteben wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Gánà títí di òní olónìí. Ta ni kò mọ ibi tí ọparun ń hù sí ní Òkè-Ògùn, agbègbè wa yìí?

Ilẹ̀ Yorùbá náà kò ṣàìní àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. T.K.E. Phillips darí orin ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Akọrin ìjọ ni tirẹ̀, kì í ṣe báàńdì ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni ibẹ̀ jẹ́ ní tòótọ́: abẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ dùùrù, ibẹ̀ náà ni Ayọ̀ Bánkólé ti ṣe igbákejì atẹ-dùùrù. Bàbá Ṣówándé, Emmanuel Ṣówándé, sì ti kọ́ni ní orin ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896. Láti Adó-Àwáyè dé Ọ̀yọ́, ọkọ̀ ọ̀sán kan ni. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí Fẹlá Ṣówándé fi di olókìkí ní London àti Amẹ́ríkà nídìí dùùrù, yóò rí i pé inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ìlú Ọ̀yọ́ ni okùn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni olùkọ́ báàńdì ń ṣe gan-an láti òwúrọ̀ dé alẹ́? Àwọn tó ń wò ó lọ́jọ́ 27 oṣù karùn-ún, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, tàbí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, tí àwọn ọmọ ń yan kọjá níwájú alága ìjọba ìbílẹ̀, rò pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Wákàtí kan nìyẹn. Iṣẹ́ tó kù ni pé yóò dé kí agogo ìpàdé òwúrọ̀ tó lù. Yóò wo eyín ọmọ, yóò wo ètè rẹ̀, kó tó pinnu bóyá fèrè ni tàbí ìlù. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ti kán kò ní fun trumpet ní ìrọ̀rùn. Yóò fi ọwọ́ kọ orin sórí ìwé, ìpín fèrè lọ́tọ̀, ìpín ìlù lọ́tọ̀, torí kò sí owó láti ra ìwé orin. Yóò fi aṣọ nu àwọn ohun èlò. Ìlù aláwọ ní àárẹ̀ tirẹ̀: nígbà ọyẹ́ awọ a gbẹ, a fà, ohùn rẹ̀ a lọ sókè, nígbà òjò awọ a rọ̀, a sì dún bí àpò ìrẹsì. Onígúdúgúdú mọ̀ pé ìda tó wà láàrin ojú ìlù rẹ̀ fẹ́ ìtọ́jú. Olùkọ́ báàńdì gbọ́dọ̀ mọ gbogbo èyí. Òun náà ni yóò lọ bẹ bàbá kan nílé pé kó jẹ́ kí ọmọ dúró lẹ́yìn ilé-ìwé ní ọjọ́ Tusidé, pé oko kò ní sá lọ. Òun ni yóò lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé tó sọ pé ariwo báàńdì ń dí ìdánwò lọ́wọ́.

Gbogbo èyí kò ṣeé kọ́ ní ọdún kan. Ọ̀rọ̀ Òkè-Ògùn ti wá kàn báyìí.

Ní Ìṣẹ́yìn ni àgọ́ àwọn agúnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá nígbà àgọ́ ti gbọ́ ìlù àti fèrè wọn láàárọ̀. Lára àwọn agúnbánirọ̀ tí wọ́n ń pín káàkiri ilé-ìwé Nàìjíríà láti 1973 ni a ti ń rí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú orin, láti Ifẹ̀, láti Èkó, láti ẹ̀ka orin ní Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn. Ohun rere ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan pé, wọ́n di ẹrù wọn, ìlù padà sínú yàrá. Àwọn agúnbánirọ̀ kò ṣẹ̀. Òfin ló ní kí wọ́n lọ. Ẹ̀bi wa ni pé a gbé iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún lé ọwọ́ àlejò ọdún kan. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè, orin wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts, níbi tí orin, àwòrán àti eré orí ìtàgé ti ń pín àkókò kan náà. Olùkọ́ tó mọ àwòrán yóò ya àwòrán, yóò sì sáré kọjá lórí orin. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé nìyẹn, kì í ṣe Adó-Àwáyè nìkan.

Síbẹ̀ Adó-Àwáyè kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Àwọn ọmọ Àyàn wà káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn tí orúkọ wọn ń jẹ́ Àyándélé, Àyánwálé, Àyánkúnlé, tí wọ́n ti fi ìyáàlù sọ̀rọ̀ kí ilé-ìwé tó dé. Ohun tí Amu lọ wá lẹ́sẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà ní Akropong, ẹnu ọ̀nà wa ló wà. Báàńdì ilé-ìwé kan tó ní ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan àti gúdúgúdú, pẹ̀lú ogún fèrè ọparun, kò ní fi ojú tinrin wo èyíkéyìí tó ra trumpet láti òkè òkun. Aṣọ wọn gan-an kò jìnnà: Ìṣẹ́yìn ni aṣọ òfì ti ń wá. Àwọn àlejò tó ń wá gun òkè wa láti wo Ìyákẹ, adágún tó wà lórí rẹ̀, ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ wo irú ìkíni tí ì bá jẹ́ bí àwọn ọmọ wa bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè náà lọ́jọ́ ọdún, tí wọ́n fi ìlù kí wọn káàbọ̀, tí owó tí àlejò bá fi lé wọn lọ́wọ́ sì padà sínú àpò báàńdì bí ti Hi-Jinks.

Ìbéèrè kan máa ń dìde níbi tí wọ́n bá ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ mélòó nínú wọn ni yóò di Mensah? Díẹ̀ ni. Púpọ̀ jù nínú àwọn tó gba abẹ́ Dyett kọjá ni ayé kò mọ orúkọ wọn. Àwọn náà gba ohun tí Nat King Cole gbà. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń dé lákòókò, bí a ṣe ń gbọ́ ti ẹnìkejì kí a tó fun tiwa, bí a ṣe ń tún ohun kan ṣe nígbà ogún títí yóò fi tọ́. Aláṣọ òfì nílò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì nílò rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gúsí ní Òkè-Ògùn nílò rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fi ń dúró. TESCOM tó ń gba olùkọ́ girama sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá olùkọ́ orin kan ṣoṣo fún agbègbè yìí, kí ẹ sì má gbé e kúrò kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè. Yunifásítì ẹ̀kọ́ Emmanuel Aláyàndé wà ní Ọ̀yọ́; ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí ẹni tó ní ìfẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti lókè òkun, kí ẹ tó ra ìlù, ẹ bá wa wá ilé tí olùkọ́ yóò gbé, torí àìsí ilé ló ń lé olùkọ́ kúrò ní ìlú kékeré jù. Ẹ̀yin ọmọ Àyàn, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ náà jókòó tì yín bí Amu ti jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹ sì wá sí ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kábíyèsí, bí wọ́n bá gbé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wá, kí ààfin mọ orúkọ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó lè mọ̀ pé ìlú yìí fẹ́ kí òun pẹ́.